Ihò Ológbò Lára Ilẹ̀kùn Ilé Ìdáná

Ilé tí à ń gbé ní Ìgàndò nígbà náà máa ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, àtòjò àtẹ̀ẹ̀rùn. Àbàtà ni wọ́n dí kí wọ́n tó kọ́ àdúgbò yẹn, omi kò sì gbàgbé ibẹ̀. Bí o bá ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná láàárọ̀, òórùn ẹrẹ̀ tútù, òórùn ewé kókò, àti ti epo tó ń jò lára jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á jọ wọlé wá kí ọ. Mo fẹ́ràn òórùn yẹn tẹ́lẹ̀. Ọdún tí ìyá ọkọ mi wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù rẹ̀, nítorí ìgbàkígbà tí mo bá wà ní yàrá tí òórùn ẹrẹ̀ náà sì gbá mi nímú lójijì, mo ti mọ̀ pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti ṣí sílẹ̀, Mọ́mì sì ti jáde.

Kì í ṣe pé Mọ́mì ń ṣe àìsàn tí èèyàn lè tọ́ka sí. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń wẹ̀, aṣọ wọn kì í dọ̀tí. Ṣùgbọ́n wọ́n lè bi mí láàárọ̀ pé ṣé bàbá ti lọ síbi iṣẹ́, ọkọ wọn tí a ti sin tipẹ́tipẹ́. Wọ́n lè wo ojú mi, kí wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, kí wọ́n ní, “Ọmọ ta ni ìwọ yìí?” Màá dáhùn pé, “Ìyàwó yín ni, mà.” Inú wọn á sì dùn bí ẹni pé ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbé mi wọlé.

Ìjẹ̀gùn ni wọ́n gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ọkọ mi tó lọ mú wọn wá. Wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí páìpù epo gbiná. Orí ló yọ wọ́n lọ́jọ́ náà, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀, àmọ́ láti ìgbà náà ni wọn kò ti fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Wọ́n á ti wà nínú balùwẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí iyè wọn jí pérépéré, àwọn ọmọ wọn máa ń fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ìgbàgbé wá dé, ó kó ohun púpọ̀ lọ, ó kó orúkọ ọmọ lọ, ó kó ọjọ́ ọ̀sẹ̀ lọ, ẹ̀rù ilẹ̀kùn yẹn nìkan ni kò rí kó. Ńṣe ló tilẹ̀ ń le sí i.

Àárín ìgbà yẹn ni ológbò kan yọ sí wa lẹ́yìnkùlé. Ológbò aláwọ̀ eérú, etí rẹ̀ kan ya. Eku tó ń ti inú àbàtà wá bá wa nígbà náà kì í ṣe kékeré, nítorí náà n kò lé e. Mọ́mì ló sọ ọ́ ní Àlejò. Bí Àlejò bá ké níta, wọ́n á dìde níbi yòówù kí wọ́n wà. “Àlejò kì í dúró síta jàre,” ni wọ́n á wí, wọ́n á sì ṣí ilẹ̀kùn fún un. Bí ó bá tún fẹ́ jáde, wọ́n á tún ṣí i, wọ́n á tẹ̀lé e dé ẹ̀yìnkùlé, láti ẹ̀yìnkùlé dé ọ̀nà. Ọjọ́ kan wà tí n kò tètè gbóòórùn ẹrẹ̀ yẹn. Ìkòtún ni ọlọ́kadà kan tó mọ ilé wa ti rí wọn, bàtà ẹsẹ̀ kan ni wọ́n wọ̀, wọ́n ń béèrè ọ̀nà Ìjẹ̀gùn lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Nígbà tó gbé wọn sọ̀ sẹ́nu ọ̀nà wa, mo kúnlẹ̀ kí i bí ẹni pé bàbá mi ni, ọmọ tí mo lè bí.

Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ ní Pọta, kì í wálé ju ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ. Lórí fóònù, ó ní kí n máa ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn láti sọ láti Pọta nìyẹn. Iwájú ilé kò ṣòro, irin ni ilẹ̀kùn ibẹ̀, mo fi àgádágodo há a láti inú. Ẹ̀yìn ni wàhálà wà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná tí mo fi lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi lórí títì, níbi tí mo ti ń ránṣọ, Àlejò ké níta, Mọ́mì lọ ṣílẹ̀kùn, ilẹ̀kùn kò ṣí. Ìgbà tí mo fi dé, àtẹ́lẹwọ́ wọn ti wú níbi tí wọ́n ti ń lu pákó, àwọn aládùúgbò sì ti dúró sí ọgbà wọn tí wọ́n ń wò mí. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Ìwọ náà kúkú mọ irú dídákẹ́ yẹn. Ìyàwó ló ti ìyá ọkọ mọ́lé, kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ sọ?

Bí mo bá ti ilẹ̀kùn, ẹ̀rù lè pa wọ́n. Bí n kò bá tì í, títì lè pa wọ́n. Bí mo ṣe ń gbé èyí kiri lọ́kàn nìyẹn, tí mo ń rán aṣọ aláṣọ ní òdì, títí tí oníbàárà mi kan fi wá gba búláòsì rẹ̀. Bí mo ṣe ń tún ọrùn rẹ̀ ṣe, ó ń wo fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n wá wo ilé àwọn àbúrò òun lókè òkun, pé wọ́n ṣe ilẹ̀kùn kékeré sínú ilẹ̀kùn ńlá fún ológbò. Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo wò ó títí ó fi béèrè bóyá kò sí nǹkan. Ológbò náà kàn fi orí ti nǹkan pẹlẹbẹ kan, ó wọlé, nǹkan náà sì padé lẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dìde ṣílẹ̀kùn fún un. Mo wò ó pé bí Àlejò bá ní ọ̀nà tirẹ̀, kí ni Mọ́mì ń lọ ṣe nídìí ilẹ̀kùn?

Káfíńtà àdúgbò wa wá, ó wo ilẹ̀kùn, ó wò mí.

“Àǹtí Télọ̀, ẹ ní kí n ṣe kí ni?”

“Kí ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ológbò lè máa gbabẹ̀ kọjá.”

“Ológbò.” Ó fọwọ́ pa pákó náà bí ẹni ń pa orí ọmọ. “Pákó ọ̀gànwó nìyí o, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kó máa gba fèrèsé ṣá.”

“Fèrèsé ní nẹ́ẹ̀tì, ó tún ní irin.”

“Bí ejò bá wá gba ihò náà ńkọ́? Àbí kí olè ti ọwọ́ bọ̀ ọ́?”

Ohun tí mo ti rò nìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kéèyàn rò ó, ọ̀tọ̀ ni kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo pe ọkọ mi, mo ṣàlàyé. Ó ní, “Ilẹ̀kùn tí mo fi owó mi rà yẹn?” Mo ní òun náà ni. Ó mí kanlẹ̀. “Lù ú.”

N kò lè gbàgbé ọjọ́ tí a lu ihò náà. A fẹ́ fi téèpù wọn ìbú Àlejò, kò gbà, ó já káfíńtà léèékánná lápá, ó sá sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Mọ́mì ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pè é jáde, tí wọ́n gbé e sórí itan wọn bí ọmọ tuntun, tí mo sì fi téèpù tí mo fi ń wọn èèyàn wọn èjìká rẹ̀. Nígbà tí ayùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo dúró ti Mọ́mì, mo ń retí kí wọ́n figbe ta. Wọn ò ké. Wọ́n ń wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba ojú ihò náà wọlé, bíńtín, bíńtín, títí gbogbo àwẹ́ pákó náà fi jábọ́ síta. Òórùn ọ̀gànwó gba ilé ìdáná kan. Ihò náà wọ́ díẹ̀ lápá òsì. Káfíńtà bẹ mí, ó ní ọwọ́ òun ń ro òun níbi tí ológbò ti já òun léèékánná. Ó gé rọ́bà dúdú, irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ sínú mọ́tò, ó fi ìṣó kàn án mọ́ òkè ihò náà, ó sì parí.

Àlejò kò dé ìdí rẹ̀. Ó dúró níta, ó ń ké bó ṣe ń ké tẹ́lẹ̀, Mọ́mì sì dìde láti ṣí ilẹ̀kùn. Àṣé mo ba ilẹ̀kùn olówó jẹ́ lásán ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Mọ́mì dé ibẹ̀, wọ́n rí i tí atẹ́gùn ń mi rọ́bà náà, wọ́n tẹríba, wọ́n fi ọwọ́ gbé e sókè. “Wọlé, ilé rẹ nìyí,” ni wọ́n sọ fún un. Ó wọlé. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọ, tí òun náà sì mọ̀ ọ́n. Kò pẹ́ tí Mọ́mì fi gbé àpótí ìjókòó wọn kúrò ní pálọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà. Wọ́n á gbé rọ́bà sókè, wọ́n á máa wo adìyẹ, wọ́n á máa wo ẹsẹ̀ ẹni tó ń kọjá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn lọ sí ṣọ́ọ̀bù fún ìgbà díẹ̀, wọn kò lù ú mọ́. Ó jọ pé ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé níbẹ̀ tó fún wọn láti gbà pé a kò tì wọ́n.

Ìwọ á rò pé ọkàn mi á wá balẹ̀. Kò balẹ̀. Ìgbà gbogbo ni mo ń rí ejò lójú orun mi. Mo wọ́n kẹrosíìnì yí ẹnu ihò náà ká nítorí ejò, Àlejò ló bínú, ó lọ sùn síta. Ní ti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, Bárúwà ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ń ṣe ìjọ aláṣọ funfun. Wọ́n wá kí ìyá wọn lọ́jọ́ Àìkú kan, wọ́n dúró wo ilẹ̀kùn náà.

“Ìyàwó, ta ló dá ihò síbí?”

Mo ṣàlàyé, láti Ìkòtún dé orí fóònù oníbàárà. Mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jẹ́ kí n parí.

“Ó ṣe kedere,” ni wọ́n wí. “Ẹ lu ọ̀nà fún ológbò, ẹ wá ti ọ̀nà mọ́ ìyá mi.”

Wọ́n wọnú yàrá lọ bá Mọ́mì. Ọ̀rọ̀ náà dúró sí mi lọ́fun bí eegun ẹja fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, nítorí n kò lè sọ pé irọ́ ni.

Ọjọ́ tí mo ń tìtorí rẹ̀ sọ gbogbo èyí, ọ̀sán gangan ni. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń rán apá aṣọ, nígbà tí mo rí èéfín dúdú lókè òrùlé wa. N kò rántí pé mo ti ṣọ́ọ̀bù. Mo sáré, téèpù ń gbá mi láyà, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ ilé wa, kó má jẹ́ ilé wa. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìnkùlé, mo rí i pé kì í ṣe ilé wa. Ẹni tó wà lẹ́yìn ọgbà wa ló ń sun pàǹtí, ó ti ju táyà sí i. Àmọ́ ọ̀dọ̀ wa ni atẹ́gùn ń gbé gbogbo èéfín náà wá, ó ń gba fèrèsé wọlé, Mọ́mì sì ti ń lu ilẹ̀kùn.

“Iná o! Ẹ ṣí i! Ìjẹ̀gùn ti ń jó o!”

Mo kígbe kọjá ọgbà pé kí wọ́n fi omi pa á. Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn. Mo yí i, kò yí, mo wá fi agídí yí i. Mo gbọ́ bó ṣe kán kí n tó mọ̀ pé ó kán. Orí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, ara rẹ̀ yòókù há sínú ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ àgádágodo iwájú wà lọ́wọ́ mi lóòótọ́, àmọ́ inú ilé ni àgádágodo náà wà. Mo pe káfíńtà. Ó ní Ẹ̀gbẹ́dá ni òun wà, òun ń gun ọ̀kadà bọ̀ báyìí. Láti Ẹ̀gbẹ́dá! Mọ́mì ń lu ilẹ̀kùn, ohùn wọn ti ń há.

N kò ronú ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà. Mo dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mo fi ọwọ́ gbé rọ́bà sókè. Ẹsẹ̀ Mọ́mì ni mo kọ́kọ́ rí, àti etí ìró wọn.

“Mọ́mì! Mọ́mì, ẹ wo ìsàlẹ̀. Èmi ni mà!”

Lílù náà dáwọ́ dúró. Mo rí orúnkún wọn tó kanlẹ̀, mo rí ọwọ́, mo wá rí ojú wọn láàbọ̀ nínú ihò náà.

“Ta nìyẹn?”

“Ìyàwó yín ni, mà.”

Wọ́n wò mí. Èéfín àti omijé ti kún ojú mi, ẹrẹ̀ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Bí wọ́n ṣe ń wò mí ni mo rí i tí ẹ̀rù ń kúrò lójú wọn, tí àánú sì ń wọ ibẹ̀.

“Yéè, ọmọ ọlọ́mọ,” ni wọ́n wí. “Ta ló tì ọ́ mọ́ inú iná?”

Kò kọ́kọ́ yé mi. Mo fẹ́ ṣàlàyé pé àwọn ni wọ́n wà nínú, pé èmi ni mo wà níta. Ṣùgbọ́n wọ́n ti na ọwọ́ wọn jáde láti inú ihò náà. “Má sunkún. Máa dojú bolẹ̀ bẹ́ẹ̀, èéfín kì í tètè dé ilẹ̀. Fún mi lọ́wọ́.” Mo fún wọn lọ́wọ́. Ọwọ́ wọn gbẹ, ó gbóná, kò sì gbọ̀n rárá. Tèmi ló ń gbọ̀n.

“Mi ò ní lọ,” ni wọ́n wí. “Wọ́n ń bọ̀ wá ṣílẹ̀kùn fún ọ. Ṣé o gbọ́ mi?”

“Mo gbọ́ yín, mà.”

Ibẹ̀ la wà tí mo fi rí ẹsẹ̀ kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi. Ẹsẹ̀ láìsí bàtà, etí sùtánà funfun lókè rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, wọ́n ti ìsìn dé, wọ́n fẹ́ yà kí ìyá wọn. Mo di ojú mi. Mo ní ó parí, ẹ̀bi mi ti hàn sí gbangba lónìí. Mo ń retí ariwo. Ohun tí mo gbọ́ ni ohùn Mọ́mì láti inú ilé, tó rọ̀, tó balẹ̀, tó ń tù mí nínú pé iná náà ti ń kú, pé kí n ṣe sùúrù díẹ̀ sí i. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbọ́ ọ. Wọ́n kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun wọn, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn, wọ́n tẹ ẹnu sún mọ́ ihò náà.

“Mọ́mì, ẹ dì í mú dáadáa o,” ni wọ́n wí. “Ẹ má fi í sílẹ̀.”

“Ṣé mo jọ ẹni tó máa fi í sílẹ̀ ni?” ni Mọ́mì dáhùn.

Bí káfíńtà ṣe bá wa nìyẹn. Ó lo ṣíṣẹ́lì lókè orí wa, ìyẹ̀fun pákó ń já bọ́ sí mi nírun. Nígbà tí ó tú ìdí kọ́kọ́rọ́ náà tán, ó ku kí Mọ́mì jọ̀wọ́ ọwọ́ mi kí ilẹ̀kùn lè ṣí, wọn kò gbà. Àfìgbà tí ọmọ wọn bẹ̀ wọ́n pé, “Ẹ jẹ́ kó wá jáde, mà.” Ìgbà náà ni wọ́n tó fi mí sílẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí. Mọ́mì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde wá sínú oòrùn, wọ́n gbá mi mọ́ra tẹrẹ̀tẹrẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ wá orí mi àti apá mi bóyá iná kò jó mi níbì kan.

“Kú ewu o, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “Kú ewu, kú ewu.”

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n bá mi fọ aṣọ, wọ́n bọ́ Mọ́mì, lẹ́yìn náà wọ́n bi mí léèrè ta ló ń bá mi dúró ti Mọ́mì bí mo bá lọ síbi iṣẹ́. Mo ní kò sí. “Ìwọ nìkan? O ò sọ fún wa.” Mo ní ẹ̀rù ló bà mí, kí wọ́n má bàa ní ìyá wọn ti sú mi. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ń wá láti Bárúwà, tí ọmọ wọn obìnrin sì ń wá ní ọjọ́ tí wọn kò bá lè wá, a kò sì tún fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ Mọ́mì mọ́ títí wọ́n fi sinmi, lórí ibùsùn wọn, lójú àwọn ọmọ wọn.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà láròtúnrò. Àwọn kan tí mo sọ ọ́ fún ní ọpọlọ Mọ́mì ló dàrú tí wọn kò fi mọ ẹni tó wà nínú àti ẹni tó wà níta. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ bí oṣù wọ̀nyẹn ṣe rí lára mi, bí mo ṣe ń jí pẹ̀lú ẹ̀rù tí mo ń sùn pẹ̀lú rẹ̀, tí n kò sọ fún ẹnì kan, tí mo ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tó bá yà wá kí wa. Wọ́n kí mi dáadáa, n kò ní purọ́. Wọ́n kí mi kú ìtọ́jú, wọ́n kí mi kú làálàá, wọ́n kí mi kú ìfaradà. Nínú gbogbo wọn, ìyá tí kò mọ orúkọ mi mọ́ nìkan ló kí mi kú ewu.